Bándì tuntun Bàbá Dizzy Gillespie lẹ́ni ọdún 71: ẹ rà á o, àmọ́ kì í ṣe torí fèrè ẹ̀

Disiki tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ lónìí ni Live at the Royal Festival Hall, ti Dizzy Gillespie àti bándì ẹ̀ tó ń jẹ́ United Nation Orchestra. Ilé iṣẹ́ tó ń gbé orin jáde tí wọ́n ń pè ní Enja ló gbé e jáde, ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún 1989 ni wọ́n gbà á sílẹ̀ ní London, lójú agbo níwájú èrò, kì í ṣe inú stúdíò. Orin 7 péré ló wà nínú ẹ̀ àmọ́ ó ju wákàtí kan lọ, ẹ ti mọ irú wọn nìyẹn, àwọn tó bá ti bẹ̀rẹ̀ orin tí wọn ò mọ ibi tí wọ́n á ti dákẹ́. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ falẹ̀: ẹ rà á. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ torí fèrè trumpet Dizzy fúnra ẹ̀ lẹ ṣe fẹ́ rà á, ẹ dúró ná, ẹ gbọ́ tẹnu mi.

Tòkúnbọ̀ lèmi ra tèmi. Ẹni tó tà á fún mi búra pé kò lábàwọ́n kankan, nígbà tó dé ọwọ́ mi ike ẹ̀ ti sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìwé pẹlẹbẹ inú ẹ̀ sì ti lọ, ìyẹn ló dùn mí jù torí inú ìwé yẹn lèèyàn á ti mọ ẹni tó ń fun èwo àti ẹni tó ń lu èwo. Disiki náà kò fò ṣá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra tòkúnbọ̀, ẹ bèèrè ìwé inú ẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó, kí wọ́n yà á ní fọ́tò sí yín.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ bàbá yìí díẹ̀ fún àwọn ọmọ ìsinsìnyí. John Birks Gillespie lorúkọ tí wọ́n sọ ọ́, ìlú Cheraw ní South Carolina ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1917. Òun lọkùnrin tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ méjèèjì máa ń wú rọ̀gọ̀dọ̀ tó bá ń fun fèrè, tí ẹnu fèrè ọ̀hún sì kọjú sókè. Fèrè yẹn ò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ o, ọjọ́ ìbí ìyàwó ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe lọ́dún 1953 tí ẹnì kan fi ṣubú lé e, ó tẹ̀, bàbá gbé e sẹ́nu ó fun ún, ó wá rí i pé òun ń gbọ́ ohùn òun dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ló bá ní kí wọ́n máa ṣe gbogbo fèrè òun bẹ́ẹ̀ láti ìsinsìnyí lọ. Òun àti Charlie Parker tó ń fun saxophone wà lára àwọn tó dá bebop sílẹ̀ láwọn ọdún 1940, jáàsì tó ń sáré, tó le, tẹ́sẹ̀ èèyàn ò tètè mọ ibi tó máa gbà wọlé.

Bándì ńlá ló ń wu bàbá yìí látilẹ̀, wàhálà ibẹ̀ ni pé bándì ńlá ń jẹ owó bí ẹni jẹ ẹ̀pà. Ẹ ro owó mọ́tò, owó hòtẹ́ẹ̀lì, oúnjẹ àti aṣọ èèyàn bíi 17, kẹ́ ẹ tó wá kan owó oṣù wọn. Èyí tó dá sílẹ̀ lọ́dún 1946 kógbá sílé lọ́dún 1950. Lọ́dún 1956 ìjọba Amẹ́ríkà fowó sí i kó tún kó òmíràn jọ, kó máa kó wọn kiri Àárín Gbùngbùn Ìlà Oòrùn àti Gúúsù Amẹ́ríkà káyé lè rí ojú rere Amẹ́ríkà nínú jáàsì, Quincy Jones tí gbogbo yín mọ̀ wà nínú bándì yẹn, fèrè ló ń fun nígbà yẹn, ó tún ń bá wọn to orin. Ìyẹn náà ò kọjá ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1958. Látìgbà yẹn bándì kékeré ló sáábà ń kó kiri, owó ṣáà ni.

Nígbà tí ọkùnrin tó ti lé ní 70 ọdún wá dìde lọ́dún 1988 pé òun tún fẹ́ dá bándì ńlá sílẹ̀, ohun tí kálukú máa rò ni pé orin àtijọ́ ló fẹ́ máa tún lù, kóòtù kan náà, ètò kan náà, káwọn arúgbó lè jókòó máa rántí ìgbà èwe wọn, kí wọ́n sì tún san tíkẹ́ẹ̀tì. A mọ irú ẹ̀ nílé níbí. Dizzy ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ wo àwọn tó kó jọ: Arturo Sandoval tó ń fun trumpet, Paquito D'Rivera tó ń fun saxophone àti clarinet, pẹ̀lú Ignacio Berroa onídírọ́ọ̀mù, ọmọ Cuba làwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Claudio Roditi, trumpet lòun náà, Brazil ló ti wá, Airto Moreira tó ń lu oríṣiríṣi nǹkan àti ìyàwó ẹ̀ Flora Purim tó ń kọrin, Brazil làwọn náà. Giovanni Hidalgo tó ń lu àkúbà, Puerto Rico. Mario Rivera, saxophone, Dominican Republic. Ọmọdé wọn tó ń tẹ dùùrù, Danilo Pérez, ará Panama, ọmọ ọdún bíi 23 ni nígbà yẹn. Àwọn ará Amẹ́ríkà wá ni James Moody lórí saxophone, Slide Hampton àti Steve Turre lórí trombone, John Lee lórí béèsì, Ed Cherry lórí gìtá. Èèyàn 15 ni pẹ̀lú bàbá fúnra ẹ̀.

Ẹ kà wọ́n dáadáa, ẹ máa rí ọgbọ́n tó dá. Bándì ńlá jáàsì tó pé pérépéré, àwọn afunfèrè lóríṣiríṣi inú ẹ̀ máa ń tó 13, trumpet 4, trombone 4, saxophone 5, dùùrù, béèsì, gìtá àti dírọ́ọ̀mù á wá wà lẹ́yìn bí ẹni tó ń gbé ẹrù fún wọn. Bàbá gé afunfèrè kù sí 8, òun alára wà nínú wọn, ó wá kó àyè tó ṣẹ́kù fún ìlù. Onílù mẹ́ta gidi ló wà níbẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ máa pàdánù ni ariwo fèrè tó máa ń rọ́ lu èèyàn bí ìgbà tí ògiri bá wó, ti bándì 1946 yẹn, ẹ ò ní rí i níbí, àti pé bí fèrè bá fẹ́ gbé ohùn sókè pa pọ̀, ẹ máa gbọ́ pé wọn ò pọ̀ tó. Ohun tẹ́ ẹ máa jèrè ni pé ẹ máa gbọ́ ìlù. Ẹ máa gbọ́ ọ ni mo sọ, kì í ṣe pé ẹ máa mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Etí ọmọ Yorùbá tó ti ń gbọ́ jùjú àti fújì láti kékeré, ibi tó ń wá nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ìlù yìí ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ Dizzy. Nínú bándì Cab Calloway, olórí bándì kan ní Amẹ́ríkà, ló ti pàdé Mario Bauzá, ọmọ Cuba, nígbà táwọn méjèèjì ń fun fèrè níbẹ̀, Bauzá yìí náà ló wá mú Chano Pozo wá fún Dizzy lọ́dún 1947. Ọmọ Havana ni Chano, onílù ni, ó mọ ìlù àwọn òrìṣà ibẹ̀ dénú, ìyẹn Havana táwọn Lukumí, ìran tiwa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ, ṣì ń lu bàtá fún Ṣàngó títí dòní. Chano ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Dizzy ò gbọ́ Spanish, ohun tí Chano sì sọ ni pé èdè Áfíríkà làwọn méjèèjì jọ ń sọ. Lóṣù kẹsàn-án ọdún 1947 wọ́n gbé e lọ sí Carnegie Hall, gbọ̀ngàn orin ńlá ní New York, àwọn èèyàn tó jẹ́ pé dírọ́ọ̀mù jáàsì nìkan ni wọ́n mọ̀ rí ọkùnrin kan tó ń fọwọ́ lu ìlù tó sì tún ń kígbe pe òrìṣà lórí stéèjì. Nígbà tó fi máa di oṣù Disẹ́ńbà ọdún 1948, wọ́n ti yìnbọn pa Chano ní Harlem. Kò lò tó ọdún méjì nínú bándì yẹn.

Mo sọ ìtàn yìí torí pé òun gan-an ni disiki yìí dá lé lórí, bí wọn ò tiẹ̀ kọ ọ́ sára ẹ̀. Orin àkọ́kọ́, Tin Tin Deo, Chano wà lára àwọn tó kọ ọ́. Orin kẹrin, Tanga, Bauzá ló kọ ọ́ láti 1943. Ohun tí onílù kan ṣoṣo ń ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bándì lọ́dún 1947, tí àwọn míì nínú bándì ọ̀hún ò mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe, gbogbo bándì ló ń ṣe é lọ́dún 1989, kò sẹ́ni tó ń sọ fún Berroa tàbí Hidalgo ibi tí clave wà, ìyẹn kọ́kọ́rọ́ ìlù tí gbogbo ìlù yòókù ń tẹ̀ lé, ilé wọn ni.

Tanga yẹn lẹ kọ́kọ́ gbọ́ tẹ́ ẹ bá rà á. Ẹ tẹ́tí sí bí wọ́n ṣe ń to nǹkan léra, ìlù á ti wà nílẹ̀, béèsì á wọlé, fèrè kan á gbé ọ̀rọ̀ kékeré kan tó ń tún un sọ ṣáá, òmíràn á gbé tiẹ̀ lé e lórí, kò sí ẹni tó ń kánjú. Hidalgo fi ọwọ́ méjèèjì lu àkúbà bí ẹni tó ní ọwọ́ mẹ́rin, àmọ́ kì í lù ú kó bo ẹlòmíì, tó bá rí i pé ẹnì kan fẹ́ sọ̀rọ̀ á fà sẹ́yìn, á kàn máa fi ìka gbá ojú ìlù wẹ́wẹ́ títí onítọ̀hún á fi sọ tiẹ̀ tán. Airto ní tiẹ̀, ẹ ò lè mọ ohun tó wà lọ́wọ́ ẹ̀, nǹkan tó ń ró ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́, nǹkan tó ń súfèé, nǹkan tó ń dún bí ẹyẹ, ó ṣáà ń mú wọn jáde. Ẹni tó bá mọ bí alágogo àti oníṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ṣe ń mú bándì jùjú dúró á mọ iṣẹ́ tó ń ṣe.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni orin Dizzy Shells. Steve Turre gbé trombone ẹ̀ sílẹ̀, ó gbé ìkarahun òkun. Ìkarahun lásán ni o, èyí tó ńlá tó wà létí òkun, wọ́n ti gé ìdí ẹ̀ kó lè ṣeé fi ẹnu fun, oríṣiríṣi ìwọ̀n ló ní, kékeré ń ké, ńlá ń dún hùùù. Kò sí bọ́tìnnì kankan lára ẹ̀ tó máa tẹ̀ bíi ti trumpet, ètè àti ọwọ́ ló ń lò, á ki ọwọ́ bọ ẹnu ìkarahun náà, bó bá tì í wọlé sí i ohùn á wálẹ̀, bó bá fà á sẹ́yìn ohùn á gòkè. Ẹ wá fi íàpíìsì gbọ́ ibẹ̀ dáadáa, ẹ máa gbọ́ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń gba inú ẹ̀ kọjá kí ohùn tó jáde. Kì í ṣe eré àwàdà, orin gidi ló ń fun, ó bá bándì mu, kò ṣì. Ìyàwó mi tí kò fẹ́ràn jáàsì rárá jáde láti yàrá wá bèèrè pé kí lèyí.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sọ ibi tó kù díẹ̀ káàtó. Bàbá ti darúgbó, ẹ gbọ́, èémí ò sì tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá ti gbọ́ ohun tó ń ṣe láwọn ọdún 1940, tó ń gòkè lọ síbi tẹ́nikẹ́ni ò dé rí tó sì ń sáré níbẹ̀, á mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Ohùn ẹ̀ máa ń fọ́ nígbà míì, á bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn kan á sì gé e kúrú. Àmọ́ gbólóhùn tó gé kúrú yẹn, ibi tó yẹ kó gé e ló gé e, ọgbọ́n ìyẹn ò kúrò lára ẹ̀, á fi ohùn mẹ́ta péré sọ ohun táwọn ọmọdé máa fi ogún wá. Ibi tó bá nílò ẹni tó máa gòkè, ó ti gbé e fún Sandoval.

Sandoval yìí ni ẹjọ́ mi wà lọ́dọ̀ ẹ̀. Ó mọ fèrè fun, kò sẹ́ni tó máa bá a du ìyẹn, ohùn òkè tó ń fun yẹn kò sí bí orí èèyàn ò ṣe ní wú. Ṣùgbọ́n ó ti fẹ́ràn òkè jù. Tó bá ti débẹ̀ kò fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ mọ́, àwọn èrò á pariwo, ariwo wọn á tún tì í sókè sí i. Ká sọ òótọ́, lójú agbo ìyẹn máa ń dùn gan-an, nínú disiki téèyàn jókòó sí pálọ̀ ń gbọ́, ó máa ń súni. Sọ́ló gígùn nìyẹn náà, kálukú fẹ́ gba tiẹ̀, ẹni 15 kì í ṣe ẹni 5, ó láwọn ibi tí mo ti dìde lọ bu omi mu. Mo gbóríyìn fún Moody ní tiẹ̀, 1946 ló ti dara pọ̀ mọ́ Dizzy, ara ẹ̀ balẹ̀, á wọlé, á sọ tiẹ̀, á jáde. Roditi náà, ohùn fèrè ẹ̀ rọ̀, kò bá Sandoval du nǹkan kan, ìdí ẹ̀ nìyẹn tí mo fi ń padà sọ́dọ̀ ẹ̀.

Ní ti orin Seresta, tẹ́ ẹ bá fẹ́ràn ohùn Brazil, ó máa tẹ́ yín lọ́rùn. And Then She Stopped àti Kush, bàbá ló kọ méjèèjì, wọ́n dára, mi ò rí nǹkan púpọ̀ sọ.

Ohun tó ń wù mí jù nínú gbogbo ẹ̀ ni bó ṣe ń darí wọn. Ọ̀rọ̀ olórí bándì àtàwọn ọmọ ẹ̀, a mọ̀ ọ́n nílé, Fela fúnra ẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n ti Berlin dé lọ́dún 1978, Tony Allen àtàwọn míì kúrò, ló bá dá Egypt 80 sílẹ̀, ọ̀pọ̀ bándì jùjú náà ti rí irú ẹ̀. Ẹnu owó àti ẹnu orúkọ ló sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀, ta ló ń rí, ta ni wọn ò rí. Nínú bándì Dizzy yìí, ẹni tó jókòó sẹ́yìn jù lọ ní àkókò tiẹ̀. Bàbá á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, á máa mi orí, á máa rẹ́rìn-ín. Àwàdà kan tó gbajúmọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ ni pé á ní òun fẹ́ fi àwọn ọmọ bándì han èrò, á wá fi wọ́n han ara wọn, wọ́n á máa bọ ara wọn lọ́wọ́ bí ẹni tí ò pàdé rí, èrò á ti rẹ́rìn-ín kú. Kì í sì í ṣe orí stéèjì nìkan, nígbà tí Sandoval pinnu pé òun ò padà sí Cuba mọ́ lọ́dún 1990, ìrìn àjò bándì yìí ló bá dé Rome tó fi lọ sí ẹ́ńbásì Amẹ́ríkà, Dizzy dúró tì í. Nígbà tí bàbá kú lóṣù kìíní ọdún 1993, Paquito ló gba ìdarí bándì, kò tú ká. Danilo tó jẹ́ ọmọdé wọn nígbà yẹn, òun ló dá ayẹyẹ jáàsì Panama sílẹ̀ lọ́dún 2003, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní Berklee, ilé ẹ̀kọ́ orin ní Amẹ́ríkà. Ẹ sọ fún mi, mélòó nínú àwọn ọ̀gá olórin wa ni ọmọ ẹ̀yìn wọn dìde lórí ẹsẹ̀ ara ẹ̀ láìjà?

Àmì ẹ̀yẹ Grammy ti bándì jáàsì ńlá ni disiki yìí gbà lọ́dún 1992. Ó tọ́ sí i.

Ẹ̀yin ará Rẹ́mọ, mi ò gbàgbé yín. Ọdún 1989 yẹn náà ni wọ́n fi Dizzy joyè nílẹ̀ wa, oyè Baṣeré ti Ìperu. Olóyè Rẹ́mọ ni, mi ò sì tíì rí ọmọ Ìperu kan tó fi yangàn létí mi rí, wọ́n á máa fi olóṣèlú yangàn. Tó bá jẹ́ ìlú mi ni, mo ti kọ ọ́ sí ojú pátákó níbi téèyàn ti ń wọ̀lú.

Bẹ́ ẹ ṣe máa gbọ́ ọ ló kù. Ẹ má fi ẹnu fóònù gbọ́ ọ, mo bẹ̀ yín, béèsì máa lọ, ìsàlẹ̀ àkúbà máa lọ, ohun tó máa ṣẹ́kù fún yín ni Sandoval tó ń ké lókè, ẹ ó wá máa bú mi. Sípíkà tó dára tàbí íàpíìsì tó dáa díẹ̀, tí gẹ́nẹ́rétọ̀ ládùúgbò bá ti dákẹ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ Dizzy tó ń sáré, tó ń fò, ẹ lọ ra àwọn ti 1940 sí 1950, kì í ṣe èyí. Fídíò eré náà wà pẹ̀lú, ẹni tó bá rí i kó rà á mọ́ disiki, torí ìkarahun Turre yẹn ojú gbọ́dọ̀ rí i. Mo fún un ní 4 nínú 5, ẹ̀yọ kan tí mo yọ, ti sọ́ló gígùn ni.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí Tanga, kẹ́ ẹ lọ sí Dizzy Shells, kẹ́ ẹ wá padà sí Tin Tin Deo. A Night in Tunisia, òun ni wọ́n fi kádìí ẹ̀, orin tí bàbá ti kọ látìgbà tó wà ní ọmọ ogún ọdún lé díẹ̀, ẹ jẹ́ kó wà níparí bí wọ́n ṣe fi í síbẹ̀, kẹ́ ẹ dúró de ibi tí gbogbo bándì ti máa ń dákẹ́ kẹ́kẹ́ fún ẹnì kan ṣoṣo láti dá fun. Ibẹ̀ yẹn, ẹ yí volume ẹ̀ sókè díẹ̀, tí lándílọ́ọ̀dù bá kan ilẹ̀kùn ẹ má dá a lóhùn.